Láti àfonífojì Kerio dé igbó Kaptagat: Ọ̀nà eléruku tó ń sọ ọmọ àgbẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká ní Kẹ́ńyà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Bí òwe yìí bá dé ìlú Iten, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, yóò pẹ́ kó tó rí ẹni dá a lóhùn. Lówùúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó yọ, nígbà tí òtútù ṣì ń mú débi pé èémí ń jáde lẹ́nu bí èéfín, ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ti wà lójú ọ̀nà eléruku pupa, tí wọ́n ń sáré. Ẹnikẹ́ni kò lé wọn. Kò sí olè níwájú tí wọ́n ń lé. Àwọn tó ń gbé wàrà lọ sọ́jà yà fún wọn, àwọn ọmọ iléèwé bá wọn sáré díẹ̀ pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ìlú kékeré ni Iten. Ètí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Elgeyo ló jókòó sí, bí ẹni jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá dúró létí ìlú tó wo ìsàlẹ̀, àfonífojì Kerio ni yóò rí, tó tẹ́ lọ rẹrẹ, tí òkè Tugen sì dúró lódìkejì bí ògiri. Odò Kerio ló ń ṣàn gba inú àfonífojì náà lọ sí ìhà àríwá, títí tó fi wọ inú adágún Turkana. Iten fi nǹkan bíi mítà 2,400 ga ju ojú òkun lọ. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ìlú Jos tí àwa níbí ń pè ní ibi òtútù kò ju nǹkan bíi mítà 1,200 lọ. Ìyẹn ni pé Iten ga tó Jos lọ́nà méjì. Ìsàlẹ̀ àfonífojì tí wọ́n ń wò nílẹ̀ lọ́hùn-ún gan-an ló tó bí Jos ṣe ga.

Ní irú ibi gíga bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí símú máa ń fẹ́lẹ́. Nígbà tí ara bá ti gbé ibẹ̀ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ á fi kún ara rẹ̀, kó lè máa gbé ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó rí kiri. Bí onítọ̀hún bá wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí London tàbí Chicago, níbi tí afẹ́fẹ́ ti pọ̀, ńṣe ni ara rẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tó bá ti Èkó lọ, tó ní òun yóò bá wọn sáré lọ́jọ́ tó débẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi wá igi tí yóò fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe rò pé afẹ́fẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Ibi gíga pọ̀ láyé tí wọn kò bí sárésáré kan níbẹ̀. Ohun tí Iten ní tí ọ̀pọ̀ ibòmíràn kò ní ni ọ̀nà, àti àwọn èèyàn tó mọ bí a ṣe ń lo ọ̀nà.

Púpọ̀ nínú ọ̀nà ọ̀hún kò rí ọ̀dà rí. Erùpẹ̀ pupa ni, ó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kì í tètè ba orúnkún jẹ́ bíi títì ọlọ́dà. Ó gba àárín oko àgbàdo, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé onílé, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku rẹ̀ á bo sárésáré láti orí dé ẹsẹ̀; nígbà òjò, ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ bàtà títí bàtà náà á fi wúwo. Ọ̀nà Moiben wà fún àwọn tó fẹ́ sáré gígùn níbi tí kò ga jù. Igbó Singore wà nítòsí fún ẹni tó fẹ́ ibòji. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, àwọn sárésáré máa ń péjọ ní oríta, wọ́n á pọ̀ bí èrò ọjà, wọ́n á sì gbéra papọ̀: wọ́n á sá a bí ẹni tí iná ń lé fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, wọ́n á rọra fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé lánàá ló jọ ń jẹ eruku kan náà. Kò sí ẹni tó ń gba owó ìwọlé. Ẹni tó bá wù lè bá wọn sá a, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Fluorspar, òun ló sì yẹ ká fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Orúkọ òkúta kan tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni Fluorspar. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin àti àwọn tó ń ṣe kẹ́míkà ló ń lò ó. Kimwarer, nísàlẹ̀ àfonífojì Kerio, ni ibi ìwakùsà náà wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wa òkúta níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó dáwọ́ dúró lọ́dún 2016. Ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà gbé òkúta gòkè ni àwọn sárésáré sọ di ibi tí wọ́n ti ń dán ara wọn wò.

Ọkọ̀ ni yóò gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀. Ooru ló máa kọ́kọ́ pàdé wọn nísàlẹ̀, pẹ̀lú igi ẹlẹ́gùn-ún, ewúrẹ́ àti igi máńgòrò. Bí wọ́n bá ti kọjú sí òkè báyìí, gígùn ni títí, fún nǹkan bíi kìlómítà 21, kí wọ́n tó yọ sí Nyaru lókè. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ohun tí wọ́n gùn ju mítà 1,000 lọ ní gíga. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni ooru ń dín kù, igi ń yí padà, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́lẹ́ sí i. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá rẹ̀ tán ni èémí náà á wá ṣọ̀wọ́n. Ọkọ̀ tó gbé wọn lọ máa ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú omi, ẹni tó bá sì rẹ̀ lè wọlé sínú rẹ̀. Mo lérò pé ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ ọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kì í sáré sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì wọkọ̀ gòkè, nígbà tó jẹ́ pé ìyẹn ló rọrùn. Kò rọrùn. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa orúnkún. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti ru ẹrù oko sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè rí, ní Èkìtì tàbí ní Àkókó, kò nílò dókítà tí yóò sọ fún wọn.

Kì í ṣe àtọdúnmọ́dún ni gbogbo èyí ti rí bó ṣe rí lónìí. Lọ́dún 1976, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Ireland, Brother Colm O'Connell, dé sí iléèwé àwọn ọkùnrin St Patrick's ní Iten láti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ojú ilẹ̀ ayé. Kò kọ́ṣẹ́ eré sísá rí kó tó débẹ̀. Ó ń wo àwọn ọmọ, ó ń bi wọ́n léèrè, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn bó ṣe ń kọ́ wọn. Láti iléèwé yẹn ni Peter Rono ti jáde, ẹni tó gba góòlù nínú eré mítà 1,500 ní Seoul lọ́dún 1988. Ibẹ̀ náà ni Ibrahim Hussein ti jáde, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbégbá orókè nínú Marathon ìlú New York, lọ́dún 1987. David Rudisha, tó sá mítà 800 ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 40.91 ní London lọ́dún 2012, kò lọ sí St Patrick's, ṣùgbọ́n Brother Colm náà ló kọ́ ọ. Ọgbà iléèwé náà kún fún igi tí wọ́n gbìn ní orúkọ àwọn ọmọ tó ṣe bẹbẹ.

Bí a bá gba ọ̀nà gúúsù láti Iten, létí òkè yẹn kan náà, a ó dé Kaptagat. Igbó ni ibẹ̀, igbó òkè, tí igi páìnì àti sáípírẹ́ẹ̀sì pọ̀ nínú rẹ̀, òtútù sì wà níbẹ̀ ju Iten lọ. Inú àgọ́ kan ní àdúgbò yìí ni Eliud Kipchoge gbé ọ̀pọ̀ ọdún ìgbésí ayé rẹ̀, lábẹ́ olùkọ́ni rẹ̀, Patrick Sang, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ gba fàdákà nínú eré ìfodò ní Barcelona lọ́dún 1992. Kipchoge ti di olówó ńlá, síbẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta, inú yàrá kékeré ní àgọ́ ló ń sùn. Òpin ọ̀sẹ̀ ló ń lọ bá aya àti ọmọ. Bó bá kan òun láti fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀nà igbó ni wọ́n ń gbà sáré gígùn, ọgbọ̀n kìlómítà lọ́sẹ̀ yìí, ogójì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀nà yìí ló tọ̀ dé Vienna ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2019, nígbà tó sá kìlómítà 42 àti mítà 195 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Wọn kò kà á sí ìdíje gidi, torí pé wọ́n ṣètò rẹ̀ fún òun nìkan, àwọn sárésáré mìíràn sì ń gba ara wọn láyè níwájú rẹ̀ láti bá a gé afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi sá a.

Oúnjẹ wọn kò ní àṣírí kankan nínú. Ugali ni, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò títí tó fi gan, tó jọ tùwó tí àwa náà mọ̀, pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Tíì oníwàrà tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń mu kiri. Wàrà kíkan tún wà tí wọ́n ń pè ní mursik, inú akèrègbè tí wọ́n fi èédú igi ra nínú ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ọmọ wọn bá gba góòlù bọ̀ láti òkè òkun, akèrègbè mursik ni wọ́n fi ń pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Orúkọ wọn pàápàá yóò dùn mọ́ Yorùbá létí, torí pé bíi tiwa ni, wọ́n ń wo ìgbà àti ibi tí a bí ọmọ sí. Ọkùnrin tí wọ́n bí nígbà tí òjò ń rọ̀ ni Kiprop. Èyí tí wọ́n bí nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú ni Kiplagat. Kipchoge, ẹ̀gbẹ́ àká ọkà ni wọ́n ní wọ́n bí i sí. Ìdí rèé tí ẹ fi ń gbọ́ Kip, Kip, Kip lórí rédíò nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó borí. Wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà.

Nínú àwọn Kip yìí, Kelvin Kiptum ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn jù, tó sì tún korò jù. Ọmọ agbègbè Chepkorio ni, láàárín igbó Kaptagat àti etí àfonífojì, oṣù Kejìlá ọdún 1999 ni wọ́n sì bí i. Ẹran ọ̀sìn ló ń dà ní kékeré. Gervais Hakizimana, sárésáré ọmọ Rwanda kan, máa ń gba ẹ̀gbẹ́ oko bàbá rẹ̀ kọjá bó bá ń sáré. Kiptum á fi ẹran sílẹ̀, á máa sáré tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Hakizimana á lé e padà. Bó bá dọ̀la, ọmọ náà á tún wá. Nígbà tó yá, ẹni tó ń lé e ló wá di olùkọ́ni rẹ̀.

Bàtà àyálò ni wọ́n ní Kiptum wọ̀ lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 2018. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ó sá Marathon fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ní Valencia, ó sì borí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ó borí ní London. Ní ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, ọdún yẹn kan náà, ní Chicago, ó sá a ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 35, ìdajì ìṣẹ́jú àti díẹ̀ dín sí ti Kipchoge. Títí di ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje tí a kà sí ìdíje. Kìlómítà kọ̀ọ̀kan kò gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mejìlélógójì láìdúró. Marathon mẹ́ta péré ló sá láyé, ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń múra láti lọ sí Rotterdam ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó sì ti sọ pé òun yóò gbìyànjú láti sá a kí wákàtí méjì tó pé.

Kò débẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, ọdún 2024, ọkọ̀ tó ń wà fúnra rẹ̀ yà kúrò lójú títì nítòsí Kaptagat, ó sì kọlu igi. Òun àti Hakizimana kú lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni Kiptum, ó sì fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí àjọ àgbáyé fọwọ́ sí àṣeyọrí rẹ̀ ti Chicago. Ààrẹ William Ruto pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ilé fún ìdílé rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, wọ́n sì kọ́ ọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n sin ọmọ náà.

Mo ti ronú lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹni tó ti sáré tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ọ̀nà kò ṣe é ní nǹkan kan, inú ọkọ̀ ló wá kú sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ lé ìròyìn àdúgbò yẹn yóò rí i pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sábà ń rí. Sáré-sáré kì í pa wọ́n. Ohun tó ń bá owó eré wọlé ló ń ṣe wọ́n léṣe.

Ẹ wo Agnes Tirop. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ní Jámánì, ó sá kìlómítà mẹ́wàá lójú títì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí obìnrin tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje tí obìnrin nìkan wà. Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Iten, pẹ̀lú ojú ọ̀bẹ lára. Ọmọ ọdún 25 ni. Ọkọ rẹ̀ ni ìjọba gbé lọ sílé ẹjọ́. Ọkùnrin náà sọ pé òun kò jẹ̀bi. Oṣù mẹ́fà péré ló tẹ̀ lé e tí wọ́n tún bá òkú obìnrin sárésáré mìíràn, Damaris Mutua, nínú ilé kan ní Iten kan náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Tirop dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, Tirop's Angels, kí obìnrin tí wọ́n ń lù nílé lè rí ibi sá sí. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi le ni pé ọmọbìnrin tó ń sáré lè pa owó lọ́sẹ̀ kan tí gbogbo ilé kò lè pa lọ́dún mẹ́wàá, àwọn ọkùnrin kan á sì fi ìfẹ́ bojú láti gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà wà ńlẹ̀. Àwọn ará Èkó tó jáde wá wo Marathon ìlú wọn lọ́dún 2016 àti 2017 á rántí Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà tó gba ipò kìíní lọ́dún méjèèjì. Kò bá Kelvin tan. Orúkọ ló papọ̀. Lọ́dún 2018, ó sá ìdajì Marathon ní Valencia ju bí ẹnikẹ́ni ti sá a rí lọ. Lọ́dún 2019, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yíwọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi òfin ọdún mẹ́rin dè é, wọ́n sì pa àṣeyọrí náà rẹ́. Ìjọba Kẹ́ńyà ti ṣòfin lọ́dún 2016 pé ẹ̀wọ̀n ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tí wọ́n ti dè láti ìgbà yẹn lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Ruth Chepngetich, obìnrin àkọ́kọ́ tó sá Marathon kí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, gba ìdè ọdún mẹ́ta.

Nísàlẹ̀ àfonífojì pàápàá, ọ̀rọ̀ mìíràn ń bẹ. Ní apá àríwá Kerio, àwọn ajímàlúù pẹ̀lú ìbọn ti sọ àwọn abúlé kan di ahoro. Ó le débi pé ní oṣù kejì ọdún 2023, ìjọba kó àwọn ọmọ ogun lọ sí Elgeyo-Marakwet àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká. Àwọn sárésáré tó wà lókè ní Iten ń wo àfonífojì kan náà tí àwọn èèyàn ń sá kúrò nínú rẹ̀.

Ti igbó ni ó ń fúnni ní ìrètí díẹ̀. Àwọn èèyàn gé igi Kaptagat púpọ̀ fún igi ìdáná àti fún oko. Kipchoge wà lára àwọn tó ti gba apá kan igbó náà láti tún un gbìn. Ó mọ ohun tó ń ṣe: ibòji igi wọ̀nyí ni ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ogún ọdún.

Lẹ́yìn ikú Kiptum, ìjọba ṣèlérí pé pápá Kamariny, tó wà lẹ́yìn ìlú Iten, yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Pápá eléruku ni Kamariny, àwọn ògbóǹtarìgì tó ti sá yí i ká kò lóǹkà. Nígbà tó di ọdún 2017, wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ di pápá ìgbàlódé, wọ́n tì í pa, àwọn kọngílá gbéṣẹ́, wọ́n sì gbé e sílẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, koríko hù níbi tí àwọn èèyàn ti ń sáré. Ní gbogbo àsìkò tí àríyànjiyàn owó pápá náà fi ń lọ, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí àwọn èrò agogo mẹ́sàn-án kò péjọ sí oríta, tí wọ́n á gbéra, tí eruku pupa á sì sọ.